Ìtọ́sọ́nà fún Òbí Tó Fẹ́ Kó Ọmọ Kéékèèké Lọ sí Tókíò

Ní ọjọ́ kejì tí a dé Tókíò, mo dúró sí ìdí àtẹ̀gùn kan ní ibùdókọ̀ ojú irin Shinjuku, mo di kẹ̀kẹ́ ọmọ ńlá kan mú, àbúrò tó jẹ́ ọmọ ọdún méjì ti sùn fọnfọn sínú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún sì ń fa aṣọ mi pé ìtọ̀ ń gbọ̀n òun. Ọ̀nà àbájáde ibùdókọ̀ yẹn ju igba (200) lọ, èrò tó sì ń gba ibẹ̀ kọjá lóòjọ́ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta. Lífíìtì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìhà kejì pátápátá ni ó wà, nígbà tí a ó sì fi rí i, ọmọ ti tọ̀ sára. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé Tókíò kò le fún ọmọdé. Àgbàlagbà tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ díwọ̀n ọ̀nà fún ọmọ ni ó máa ń sọ ọ́ di líle. Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níhìn-ín ni bí òbí ṣe lè to ìrìn àjò náà láti ìgbà tí ó bá ti ń ronú tíkẹ́ẹ̀tì títí di ọjọ́ tí yóò padà, kí ó lè jẹ́ pé oorun ọmọ, inú ọmọ àti ẹsẹ̀ ọmọ ni yóò máa darí ètò.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ yan àsìkò kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì

Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n ní nínú ọdún, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ohun tí ó máa ń fi ojú ọmọdé rí. Láti ìparí oṣù Kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin ni òdòdó igi ṣẹ́rì máa ń tanná. Ó lẹ́wà púpọ̀, àmọ́ gbogbo ayé ló máa ń ya lọ síbẹ̀ nígbà náà, owó ilé ìtura a sì gbówó lérí. Láti ìparí oṣù Kẹrin sí ọjọ́ karùn-ún oṣù Karùn-ún tàbí lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀, àwọn onílé fúnra wọn wà ní ìsinmi, gbogbo ọgbà ìṣeré ló sì máa ń kún fọ́fọ́. Oṣù Kẹfà títí di àárín oṣù Keje jẹ́ àsìkò òjò.

Nípa oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ará Èkó kò lè bẹ̀rù ooru. Ooru ibẹ̀ lè kọjá ìwọ̀n 35, ó sì máa ń rin bí ìgbà tí ènìyàn ń gba inú ooru omi gbígbóná kọjá, kò sì sí ibi tó gbóná tó ìtòsí ọ̀dà títì, níbi tí ojú ọmọ inú kẹ̀kẹ́ wà gan-an. Ìjì líle tí wọ́n ń pè ní taifú tún máa ń wáyé láti oṣù Kẹjọ lọ sí oṣù Kẹwàá. Bí ó bá ṣe pé èmi ni mo ń yàn, àárín oṣù Karùn-ún tàbí oṣù Kọkànlá ni mo máa mú. Ọyẹ́ wọn, ìyẹn oṣù Kìíní àti ìkejì, tutù, ó sì gbẹ, ṣùgbọ́n oòrùn máa ń ràn, èrò kì í sì í pọ̀; òrí ni kí ẹ má ṣe gbàgbé, nítorí awọ ọmọ á máa fún.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ìwé, físà, àti àpò oògùn

Ẹni tó bá ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba Jàpáàn tó wà ní Abuja, ọmọ kọ̀ọ̀kan, títí kan ọmọ ọwọ́, ló sì gbọ́dọ̀ ní ìwé ìrìnnà àti físà tirẹ̀. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí wọn dání, pàápàá bí orúkọ ìyá bá yàtọ̀ sí ti ọmọ. Àwọn ọmọ wa tó ń lo ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Amẹ́ríkà kò nílò físà fún ìgbafẹ́ tí kò bá ju 90 ọjọ́ lọ. Kí ẹ tó wọkọ̀, ẹ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì sí ojú ewé ìjọba tí wọ́n ń pè ní Visit Japan Web, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ gbogbo ẹni tó ń rìn síbẹ̀. Yóò fún yín ní àmì onígun mẹ́rin kan tí wọ́n máa yẹ̀ wò ní pápákọ̀ òfurufú, ìyẹn kò sì ní jẹ́ kí ẹ máa fi ọwọ́ kan kọ̀wé, kí ẹ fi ọwọ́ kejì gbé ọmọ. Àgbàlagbà ni wọ́n máa ń gba ìtẹ̀ka àti àwòrán rẹ̀. Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 16 kò sí nínú rẹ̀.

Kò sí ọkọ̀ òfurufú tó ń lọ tààrà láti Nàìjíríà sí Tókíò. Addis Ababa, Doha tàbí Dubai ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbà. Fún ẹni tó dá rìn, wákàtí kan ààbọ̀ láàárín ọkọ̀ méjì lè tó. Fún ẹni tó kó ọmọ, ẹ wá èyí tó tó wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ọmọ lè na ẹsẹ̀, kí ó sì yàgbẹ́ ní ibi tí ilẹ̀ kò ti mì.

Ọ̀rọ̀ oògùn ni kí ẹ fara balẹ̀ kà. Òfin Jàpáàn kò gba oògùn ọ̀fìnkìn tí èròjà pseudoephedrine inú rẹ̀ bá ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ, oògùn tó ní amphetamine nínú, irú èyí tí àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà ń fún ọmọ tí kì í lè jókòó jẹ́ẹ́, sì jẹ́ èèwọ̀ pátápátá, kódà bí ìwé dókítà bá wà lọ́wọ́ yín. Oògùn tí dókítà kọ fún yín kò gbọdọ̀ ju ti oṣù kan lọ, àfi tí ẹ bá ti gba ìwé àṣẹ kí ẹ tó gbéra. Ẹ fi gbogbo oògùn sílẹ̀ nínú páálí tó bá a wá. Ẹran pẹ̀lú kò gbọdọ̀ wọlé: kílíṣí, ẹran díndín, sọ́séèjì, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín, ajá kékeré kan tó ń gbóòórùn sì wà ní ibi tí a ti ń gba ẹrù fún iṣẹ́ yìí. Àwọn ọmọ mi fẹ́ràn ajá náà títí tó fi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò ẹni tó wà níwájú wa.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ di ẹrù fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ má sì gbàgbé ọ̀jà

Bí ọmọ yín bá tún ń jókòó sínú kẹ̀kẹ́, ẹ mú èyí tó kéré jù lọ, tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan ká pọ̀. Ẹ wá mú ọ̀jà àti ìró kan kún un. Ọ̀pọ̀ ibùdókọ̀ Tókíò ló ní lífíìtì, ṣùgbọ́n kì í sábà sí ní ibi tí ẹ bá gbé sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó bá sì pọn ọmọ lè gun àtẹ̀gùn bó ti wù ú. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ti Shinjuku yẹn, mo fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ ní ilé ìtura, mo sì pọn àbúrò. Nínú ọkọ̀ ojú irin lọ́jọ́ yẹn, ìyá àgbà kan wo ẹ̀yìn mi, ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ kan èjìká ara rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó ń fa okùn, ó sì sọ pé, «Onbu.» Orúkọ tí àwọn náà ń pe ọmọ pípọ̀n nìyẹn, àwọn ìyá wọn ń pọn ọmọ láti ayébáyé, wọ́n sì ní okùn tiwọn tí wọ́n fi ń so ó. Ó dìde fún mi, kò sì gbà kí n kọ̀.

Pámpáàsì ọjọ́ méjì ti tó láti ilé. Gbogbo kẹ́míìsì ńlá ìlú náà ló ń tà á, ìwọ̀n kílò ọmọ ni wọ́n sì fi ń pín in, wọ́n á kọ ọ́ sára àpò rẹ̀. Àwòrán ara àpò yóò fi hàn yín bóyá èyí tí a ń lẹ̀ ni tàbí èyí tí a ń wọ̀ bíi ṣòkòtò. Ẹ mú bàtà tí ọmọ lè bọ́ kí ó sì tún wọ̀ fúnra rẹ̀, nítorí pé ibi tí ẹ ó ti bọ́ bàtà lójúmọ́ kò ní lóǹkà, ẹ sì rí i pé ìbọ̀sẹ̀ kò lu. Ìpara irun àwọn ọmọ wa kò sí ní ṣọ́ọ̀bù lásán níbẹ̀. Iná wọn jẹ́ 100 folti, ihò iná wọn sì jẹ́ ti ẹlẹ́sẹ̀ méjì pẹlẹbẹ, nítorí náà ìkòkò tí ẹ fi ń gbóná oúnjẹ ọmọ nílé kò ní ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ fi sílẹ̀, ìkòkò omi gbígbóná wà nínú ọ̀pọ̀ yàrá ilé ìtura.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ibi tí ẹ ó sùn

Àwọn tó ti lọ láìkó ọmọ yóò ní kí ẹ sùn ní Shinjuku tàbí Shibuya. Èmi ní kí ẹ sùn ní Ueno tàbí Asakusa. Láti pápákọ̀ òfurufú Narita, tó jìnnà sí àárín ìlú tó bíi 60 kìlómítà, ọkọ̀ ojú irin Skyliner máa ń gbé ènìyàn dé Ueno láàárín wákàtí kan láìyí ọkọ̀, ọgbà ńlá sì wà níwájú ibùdókọ̀ níbi tí ọmọ ti lè sáré. Bí ẹ bá lè rí ọkọ̀ tó ń balẹ̀ sí Haneda, ìyẹn tún dára jù, torí inú ìlú ni Haneda wà.

Yàrá wọn kéré. Mo ní kí ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ó kéré débi pé bí ẹ bá ṣí àpótí ẹrù kan sílẹ̀, ẹ ó máa fo ó kọjá lọ sí ilé ìwẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ilé ìtura kì í gba owó lórí ọmọ tí kò tíì tó ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bí ó bá ń bá òbí sùn lórí ibùsùn kan náà, ṣùgbọ́n ẹ sọ iye ọmọ tí ẹ ń kó bọ̀ fún wọn ṣáájú, nítorí pé wọ́n kì í fẹ́ràn kí wọ́n rí ẹni tí kò sí lórí ìwé. Bí ẹ bá rí yàrá ìbílẹ̀ wọn, níbi tí ẹní koríko wà ní ilẹ̀, tí a sì ń tẹ́ ibùsùn sórí rẹ̀ lálẹ́, ẹ mú un. Ọmọ tó ń yí kiri lójú oorun kò ní ibi tí yóò já bọ́ sí.

Ẹ má sì fi ọwọ́ ara yín wọ́ ẹrù láti pápákọ̀ òfurufú. Iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní takkyubin: ẹ ó fi àpótí sílẹ̀ ní káńtà wọn, wọ́n á gbé e dé ilé ìtura yín ní ọjọ́ kejì. Àpò kan ṣoṣo tó ní aṣọ ìsùn, pámpáàsì àti oògùn ni kí ó kù lọ́wọ́ yín.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́

Tókíò fi wákàtí mẹ́jọ ṣáájú Nàìjíríà. Nígbà tí agogo mẹ́jọ alẹ́ bá lù níbẹ̀, tí ẹ ń sọ fún ọmọ pé kí ó lọ sùn, agogo méjìlá ọ̀sán ni ara rẹ̀ mọ̀. Tí ó bá sì di agogo mẹ́ta òru, yóò jókòó sórí ibùsùn, yóò ní kí ẹ gbé oúnjẹ alẹ́ wá. Kì í ṣe ọmọ tó ya aláìgbọ́ràn. Ẹ ra búrẹ́dì, wàrà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú yàrá kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ fún un jẹ nínú òkùnkùn díẹ̀, ẹ má ṣe tan tẹlifíṣọ̀n. Ní òwúrọ̀, ẹ jí i ní agogo mẹ́jọ bí ó tilẹ̀ sunkún, ẹ mú un jáde sínú oòrùn, torí oòrùn àárọ̀ ni ó ń tún ara ṣe. Ẹ má ṣe ra tíkẹ́ẹ̀tì ibi kankan tó ní wákàtí pàtó ní ọjọ́ mẹ́ta yìí. Èmi rà á, a sì sùn kọjá àkókò rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá dé, ẹ kọ orúkọ ilé ìtura àti àdírẹ́sì rẹ̀ ní èdè Jàpáàn sórí káàdì (àwọn tó wà ní káńtà yóò fún yín), ẹ fi nọ́ńbà fóònù yín sí i, kí ẹ sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àpò aṣọ ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ọkọ̀ ojú irin

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà kì í sanwó ọkọ̀ ojú irin, bí àgbàlagbà kan kò bá ti mú ju méjì lọ dání. Láti ọdún mẹ́fà sí mọ́kànlá, ìdajì owó ni. Ẹ ra káàdì Suica tàbí PASMO, ẹ fi owó sínú rẹ̀, kí ẹ máa fi kan ẹnu ọ̀nà wọlé. Ti ọmọdé wà lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n àfi kí ẹ fi ìwé ìrìnnà ọmọ han òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀. Gbígba yẹ́ǹ, ìyẹn owó Jàpáàn, lẹ́nu ẹ̀rọ ìgbowó kò nira: èyí tó wà nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù 7-Eleven máa ń gba káàdì ilẹ̀ òkèèrè.

Ọ̀nà tí ẹ kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni Yamanote, ọkọ̀ aláwọ̀ ewé tó ń yí ìlú po, tó ní ibùdókọ̀ 30, tó sì ń lo nǹkan bíi wákàtí kan láti yípo. Bí ẹ bá wọ ọ̀nà òdì, ẹ jókòó. Ẹ ó ṣì padà dé ibi tí ẹ ń lọ. Mo ti fi í mú ọmọ sùn rí, a yí ìlú po lẹ́ẹ̀kan, oorun sì kún ojú rẹ̀.

Láti agogo méje ààbọ̀ sí mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀, ẹ má ṣe kó ọmọ wọ ọkọ̀ ojú irin rárá, bẹ́ẹ̀ náà ni láàárín agogo márùn-ún sí méje ìrọ̀lẹ́. Àwọn èrò á fún pọ̀ bí ẹja inú agolo, orí ọmọ sì máa wà ní ìwọ̀n àpò àwọn ènìyàn. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ẹ wo ilẹ̀ fún àmì ọkọ̀ obìnrin nìkan. Àwọn ìyá pẹ̀lú ọmọkùnrin kéékèèké lè wọ̀ ọ́. Inú ọkọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹnikẹ́ni kì í dáhùn fóònù. Kò sí ẹni tó máa bá ọmọ tó sunkún wí, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé ohùn inú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí ni a ń lò níbẹ̀. Lórí àtẹ̀gùn ẹlẹ́rọ, apá òsì ni wọ́n ń dúró sí.

Ìgbésẹ̀ keje: Oúnjẹ

Ẹ̀rù oúnjẹ ni ó máa ń ba àwọn òbí wa jù, kò sì yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ìrẹsì ni oúnjẹ wọn. Nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tí kì í ti ilẹ̀kùn tọ̀sán-tòru, ẹ ó rí onigiri, ìyẹn ìrẹsì tí wọ́n fún di onígun mẹ́ta pẹ̀lú ẹja sàmọ́ọ̀nù tàbí nǹkan mìíràn láàárín, tí wọ́n sì fi ewé òkun dúdú wé. Nọ́ńbà 1, 2, 3 wà lára ọ̀rá rẹ̀ láti fi ọ̀nà tí a ń gbà ya á hàn. Ẹ̀gbọ́n bínú sí ewé dúdú náà ní ọjọ́ kìíní, ó ní ọ̀rá ni a fún òun jẹ. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹrin, òun ló ń ya ti àbúrò rẹ̀ fún un. Udon, tó dà bí ìndómì tó nípọn tó sì rọ̀, dára fún ọmọ tí eyín rẹ̀ kò tíì pé. Bí òtútù bá wà, ẹ wá ọ̀dùnkún sísun, tí wọ́n ń tà ní gbígbóná nínú ilé ìtajà oúnjẹ; adùn rẹ̀ kọjá èyí tí a mọ̀ nílé.

Àwọn ilé oúnjẹ ẹbí, bíi Saizeriya àti Gusto, ní àga gíga fún ọmọ, àwo ọmọdé, àti àwòrán oúnjẹ gbogbo nínú ìwé wọn. Ibi tí suṣi, ìyẹn ìrẹsì tí wọ́n gbé ẹja tàbí nǹkan mìíràn lé, ti ń yí kọjá lórí bẹ́líìtì jẹ́ ìran ní tirẹ̀, ẹ kò sì ní láti fún ọmọ ní ẹja tí a kò sè: suṣi ẹyin, edé bíbọ̀, kùkúḿbà, àti ọ̀dùnkún díndín wà níbẹ̀. Wọ́n kì í gba owó ẹ̀bùn (tíìpù) lọ́wọ́ oníbàárà, bí ẹ bá fi sílẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n á sáré lé yín láti dá a padà. Omi ẹ̀rọ ṣeé mu. Ata kì í sábà pọ̀ nínú oúnjẹ wọn, torí náà àgbàlagbà lè mú ata gígún tirẹ̀ dání.

Ẹ ṣọ́ra fún soba, oúnjẹ tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n fi ọkà kan tí a kì í jẹ nílé ṣe. Ó wà lára àwọn ohun tí òfin wọn ní kí wọ́n kọ sára oúnjẹ tí wọ́n dì, nítorí pé ó lè gbòdì lára àwọn kan lójijì, irú bí ẹyin, wàrà, àlìkámà, soba, ẹ̀pà, edé, alákàn, àti èso wọ́línọ́ọ̀tì. Ọmọ tí kò jẹ ẹ́ rí kò yẹ kí ó ti ìrìn àjò bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ìdọ̀tí

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà ní gbogbo ibùdókọ̀, nínú ọgbà, àti nínú àwọn ilé ìtajà ńlá, ó mọ́, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ wá èyí tó fẹ̀, tí àwòrán kẹ̀kẹ́ arọ àti ọmọ wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀: àga kékeré wà lára ògiri níbẹ̀ tí a lè so ọmọ mọ́ nígbà tí ìyá bá ń lo tirẹ̀, ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ayé kọ́. Nínú àwọn ilé ìtajà alájà púpọ̀, ẹ lọ sí àjà tí wọ́n ti ń ta aṣọ ọmọdé. Yàrá ìfọ́mọlọ́mú wà níbẹ̀, pẹ̀lú omi gbígbóná fún wàrà ọmọ. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ nípa bọ́tìnì ara ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀, torí omi ń tú jáde láti abẹ́, ọmọ tó bá tẹ̀ ẹ́ láìmọ̀ sì lè fò sókè.

Ibi tí a ń da ìdọ̀tí sí ní ìgboro ṣọ̀wọ́n. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni wọ́n kó kúrò lẹ́yìn tí àwọn kan fi èéfín olóró pa èèyàn nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní ọdún 1995. Ẹ máa kó ọ̀rá nílọ́ọ̀nù dání, kí ẹ gbé pámpáàsì tí ẹ bọ́ padà sí ilé ìtura.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ibì kan ṣoṣo lóòjọ́

Ìwé àwọn arìnrìn-àjò yóò ní kí ẹ rí ibi mẹ́rin ní ọjọ́ kan. Ẹ yan ẹyọ kan, kí ẹ dé ibẹ̀ ní agogo mẹ́wàá, kí ẹ sì padà wá sùn ní agogo kan tàbí méjì. Bí agbára bá kù ní ìrọ̀lẹ́, ẹ lọ sí ọgbà ìṣeré tó wà nítòsí.

Ọgbà Ueno ni kí ẹ fi ṣe àkọ́kọ́. Ọgbà ẹranko tó wà níbẹ̀ ni ó dàgbà jù ní Jàpáàn, ọdún 1882 ni wọ́n ṣí i. Àgbàlagbà ń san 600 yẹ́ǹ, ọmọ tí kò bá tíì kọjá ọdún 12 kì í san kọ́bọ̀. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa ń tì í, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú náà, ẹ jẹ́ kí èyí wà lọ́kàn yín. Ẹ má ṣe gbìyànjú láti rí gbogbo ẹranko. Ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tó ti Áfíríkà wá, eérú ni àwọ̀ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ tóbi bíi bàtà onígi, kì í sì í mira. Àwọn ọmọ mi dúró níwájú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n ń jiyàn bóyá ère ni. Nígbà tí ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, igbe tí wọ́n ké mú kí baba arúgbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nípa ẹ̀dá àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì nínú ọgbà kan náà. Ère àbùùbùtán tó tóbi bíi ti gidi wà níta, egungun àwọn ẹranko ńlá ayé àtijọ́ sì wà nínú.

Fún Asakusa, ẹ tètè dé, kí agogo mẹ́sàn-án tó lù, nígbà tí èrò kò tíì dí abẹ́ fìtílà pupa ńlá tó wà lẹ́nu ọ̀nà tẹ́ḿpìlì Senso-ji. Ọgbà ìṣeré Hanayashiki, tó ti wà láti ọdún 1853, wà lẹ́yìn tẹ́ḿpìlì náà, ó kéré, ohun inú rẹ̀ sì bá ọmọ kékeré mu. Láti etídò ibẹ̀, ẹ ó máa wo ilé ìṣọ́ Skytree tó ga ní 634 mítà. Wíwò ó láti ìsàlẹ̀ ti tó ọmọ ọdún mẹ́ta, kò sí ohun tí yóò rí lókè ju ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn lọ. Kàkà bẹ́ẹ̀, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi láti Asakusa lọ sí erékùṣù Odaiba, kí ẹ sì fi Yurikamome padà. Ọkọ̀ ojú irin yìí kò ní awakọ̀, ọmọ lè jókòó síwájú pátápátá kí ó máa ṣe bí ẹni pé òun ni ó ń wà á bí ó ti ń gun afárá Rainbow lọ.

Shinjuku Gyoen jẹ́ ibi koríko gbalasa tí a lè tẹ́ ìró sí kí a jẹun. 500 yẹ́ǹ ni fún àgbàlagbà, ọ̀fẹ́ ni fún ọmọdé, wọn kò sì gba ọtí láyè. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ghibli (ti ilé iṣẹ́ tó ń ya fíìmù àwòrán) ní Mitaka gbọ́dọ̀ mọ̀ pé wọn kì í ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà: ọjọ́ kẹwàá oṣù ni wọ́n ń ta ti oṣù tó ń bọ̀, ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ tiwọn, èyí tó jẹ́ agogo méjì òru ní Nàìjíríà. Ti Disneyland, tó wà ní Urayasu lẹ́yìn ìlú láti ọdún 1983, ẹ fi sí ìparí ìrìn àjò, ní ọjọ́ iṣẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́ta sí ìsàlẹ̀ kì í sanwó. Bí kò bá sí owó rẹ̀, ọmọ tí kò tíì tó ọdún márùn-ún kò ní mọ̀ pé òun pàdánù ohunkóhun.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: Àìsàn, ọmọ tó sọnù, àti ilẹ̀ tó mì

Nọ́ńbà 119 ni ti ọkọ̀ aláìsàn àti panápaná, 110 ni ti ọlọ́pàá. Ọkọ̀ aláìsàn jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n owó ilé ìwòsàn máa ń wọ́n lọ́rùn àlejò, torí náà ẹ ra ìwé ìdójútòfò ìrìn àjò fún gbogbo ọmọ. Bí ọmọ bá sọnù, ẹ wá koban, àgọ́ ọlọ́pàá kékeré tó wà nítòsí ọ̀pọ̀ ibùdókọ̀. Ẹ kọ́ ọmọ tó gbọ́n díẹ̀ láti mọ aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀, kí ó sì dúró sójú kan.

Ilẹ̀ lè mì nígbà tí ẹ bá wà níbẹ̀. Ẹ fi áàpù Safety tips, tí ìjọba wọn ṣe fún àlejò, sórí fóònù. Bí ó bá mì, ẹ má ṣe sáré jáde: ẹ kó àwọn ọmọ sábẹ́ tábìlì, ẹ bo orí wọn títí yóò fi dúró. Ní ìrọ̀lẹ́ ẹ ó máa gbọ́ tí gbohùngbohùn àdúgbò ń kọ orin kan. Kì í ṣe ìkìlọ̀. Wọ́n fi ń dán ẹ̀rọ ìkìlọ̀ wò lójoojúmọ́ ni, àwọn ọmọ àdúgbò sì mọ̀ pé ó ti tó àkókò láti lọ sílé. Àwa náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe àmì ìwẹ̀.

Ní ọjọ́ méjì ṣáájú ìpadàbọ̀, ẹ fún takkyubin ní àpótí yín kí wọ́n gbé e lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Ẹ ná owó tó kù lórí káàdì Suica ní ṣọ́ọ̀bù, tàbí kí ẹ gbé e wálé: èyí tí wọ́n ń tà fún àlejò, Welcome Suica, ń kú lẹ́yìn ọjọ́ 28, ṣùgbọ́n èyí tí àwọn onílé ń lò ń wà fún ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìgbà tí a lò ó kẹ́yìn. Ti èmi wà nínú àpótí ìkọ̀wé ẹ̀gbọ́n. 340 yẹ́ǹ ló kù nínú rẹ̀, ó sì mọ iye onigiri tó lè rà.